Docs ni ká ṣí ni, àbí inú láíbìrì gan-an? Bí mo ṣe ń yàn án nìyí

Tẹ́ ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń kọ kóòdù ní Ifẹ̀ níbí, ì báà jẹ́ lórí campus OAU ni o tàbí nínú yàrá kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ tí jẹnẹrétọ̀ ń bú létí fèrèsé, irú èèyàn méjì lẹ máa bá. Àwọn kan wà, tí docs, ìyẹn ìwé àlàyé tó bá láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ tá à ń lò) wá, ò bá ti sọ nǹkan, wọ́n dúró síbẹ̀ nìyẹn, wọ́n á gbé ìbéèrè ọ̀hún láti group WhatsApp kan dé òmíì, kò ní wá sí wọn lọ́kàn pé kóòdù láíbìrì yẹn wà nínú lápútọ́ọ̀pù àwọn fúnra wọn. Àwọn kejì, àwọn tí ojú wọn ti là díẹ̀, wọ́n á ní "kóòdù kì í parọ́ jàre", wọ́n á rì wọnú láíbìrì láì tíì ka ìlà kan nínú docs, ìgbà tí wọ́n bá fi máa jáde ilẹ̀ ti ṣú, ìdáhùn tí wọ́n sì mú bọ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ docs ló wà látàárọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo irú ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ wọn. "Kí ni àwọn tó ni láíbìrì yìí ṣèlérí fún mi?" Docs ló ni ìyẹn. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ mi báyìí?" Inú kóòdù nìyẹn wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí mo ń rí, ẹni tó gbé ìbéèrè èkínní lọ síbi tí wọ́n ti ń dáhùn èkejì ló fa á.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ gba yàrá kan ní Parakin, agreement tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sọ̀rọ̀ owó ilé, ó sọ̀rọ̀ omi, ó sọ ìgbà tí wọ́n ń ti géètì. Lẹ́yìn náà lẹ rí i pé lánlọ́ọ̀dù ń jẹ́ kẹ́ ẹ páàkì ọ̀kadà sábẹ́ igi máńgòrò, kò sẹ́ni tó bá yín sọ ọ́, ó kàn ń rí bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí bàbá bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ẹnu wo lẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Docs ni agreement. Ohun tẹ́ ẹ rí nínú kóòdù tí docs ò dárúkọ, abẹ́ igi máńgòrò ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an o. Dict inú Python, àpò tẹ́ ẹ ń fi orúkọ wá nǹkan nínú ẹ̀, kì í rántí bẹ́ ẹ ṣe kó nǹkan sí i tẹ̀léra tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Python 3.6 jáde ní ìparí 2016, wọ́n tún inú dict ṣe kó má baà máa jẹ mẹ́mórì, ló bá di pé ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ka sọ́ọ̀sì (kóòdù tí wọ́n fi kọ Python fúnra ẹ̀) nígbà yẹn á rí i kedere. Ṣùgbọ́n docs wọn kìlọ̀ pé ẹ má gbára lé e, bó ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ lásìkò yìí ni, a lè yí i padà. Ìgbà tó di 3.7, ní 2018, ni wọ́n tó wá sọ ọ́ di òfin. Láàárín àkókò yẹn, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ò yàtọ̀, ìlérí ni ò tíì sí.

Ti JavaScript tún le ju ìyẹn lọ. V8, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Chrome àti Node, tó bá ń ṣe sort (kó to nǹkan tẹ̀léra) tẹ́lẹ̀, array (àkójọ nǹkan) tí ohun inú ẹ̀ ò bá ju 10 lọ, ọ̀nà tó ń gbà kì í da àwọn tó bá dọ́gba rú, ṣùgbọ́n tó bá ti ju 10, ó ń bọ́ sórí quicksort, ìyẹn sì lè pa wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó fi orúkọ èèyàn mẹ́jọ dán an wò nílé á ní ó ṣe régí, ó dórí sáfà pẹ̀lú orúkọ igba èèyàn, àwọn tí máàkì wọn dọ́gba wá ń fò kiri, kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Chrome 70 ní 2018 ni V8 tún un ṣe, ES2019, òfin èdè JavaScript, wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ṣe èdè Go ní tiwọn, wọn ò fẹ́ ìjà yẹn rárá: láti Go 1 ní 2012, tẹ́ ẹ bá ń fi range rìn nínú map (dict tiwọn), wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù wọ́n, kẹ́nikẹ́ni má baà rí ohun tó jọ ètò kó lọ kọ́lé lé e. Mo gba tiwọn. Hyrum Wright tó ṣiṣẹ́ ní Google ti sọ ọ́, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ pè é: tí àwọn tó ń lo nǹkan bá ti pọ̀ tó, gbogbo ìwà tó bá ń hàn níta lẹnì kan á ti gbára lé, ẹ ṣèlérí ẹ̀ o, ẹ ò ṣèlérí ẹ̀ o.

Torí náà, docs lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, ṣùgbọ́n ẹ kà á bó ṣe yẹ

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "mo ti ka docs, kò sí níbẹ̀", quickstart ni wọ́n kà. Quickstart, kó lè dùn lójú yín ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti to àwọn fọ́ńṣọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá èyí tẹ́ ẹ ń lò, ẹ ka gbogbo ohun tó ń gbà àti iye tó máa mú tẹ́ ẹ ò bá fún un ní nǹkan kan, ẹ wo bóyá wọ́n fi àpótí ìkìlọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé láti fẹ́ṣọ̀n báyìí ni nǹkan yí padà. Ẹ wá fi nọ́ńbà fẹ́ṣọ̀n tó wà lókè ojú ewé wé èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín. `pip show requests` á sọ ọ́ fún yín, `npm ls` ni ti àwọn ará Node. Google máa ń gbé docs àtijọ́ wá síwájú nígbà míì, ẹ kíyè sí i.

Ẹ wo requests, láíbìrì Python tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn ń lò. Tẹ́ ẹ bá pe `requests.get` láì fún un ní timeout (àkókò tó máa fi dúró kó tó jáwọ́), kò ní timeout rárá, ó lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó bá sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí níbí tójò bá ṣú mọ̀ pé mi ò ṣàsọdùn. Docs sọ ọ́ ketekete. Ó tún sọ nǹkan kejì tí èèyàn kì í kà: `timeout=5` kì í ṣe pé kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ohun tó ń kà ni bí sáfà ṣe dákẹ́ pẹ́ tó. Sáfà tó bá ń kán báìtì kan sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, timeout ò ní mú un láéláé. Kẹ́ ẹ tó fi ojú ara yín rí ìyẹn nínú sọ́ọ̀sì, ẹ máa gba inú requests kọjá, ẹ kọjá nínú urllib3, láíbìrì tí requests fúnra ẹ̀ ń lò, ẹ dé ibi sókẹ́ẹ̀tì. Gbólóhùn kan péré ni nínú docs.

Irú ẹ̀ pọ̀. Pandas tó ń ka CSV, tó ń jẹ òdo tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù torí ó rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni, docs ti sọ pé kẹ́ ẹ fi `dtype` sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Django tí `auto_now` (ọjọ́ tí nǹkan yí padà kẹ́yìn) ò yí padà nígbà tẹ́ ẹ lo `update()`, docs ti sọ pé `save()` nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Kò sídìí láti wọnú kóòdù ẹnikẹ́ni torí ìwọ̀nyí.

Ìgbà wo wá ni kẹ́ ẹ wọnú ẹ̀?

Tí docs ò bá sọ nǹkan kan rárá. Tí ohun tí docs sọ àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ò bá bára mu. Tí ẹ́rọ̀ bá bú jáde láti àárín láíbìrì tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò yé yín. Tí owó tàbí ààbò bá wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì lè fi "ó jọ pé" sùn. Láíbìrì kékeré tí docs ẹ̀ ò ju README olójú ewé kan lọ náà wà níbẹ̀, ti ìyẹn tiẹ̀ rọrùn, ẹ ṣáà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í pọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín dáadáa. Àbúrò kan ń kọ áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Modákẹ́kẹ́, áàpù náà á máa gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. POST ni irú ìránṣẹ́ tó fi ń sọ fún sáfà pé kó yọ owó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí mo ti fi POST ránṣẹ́, ṣé requests ò ní tún un fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, kó wá yọ owó màmá onímàmá lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo ní, "Kí ni docs sọ?"

Ó lọ wò ó. Docs ní tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, requests kì í tún ohun tó kùnà gbìyànjú. Ìlérí nìyẹn, ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni à bá pa docs dé ká lọ jẹun. Àmọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi HTTPAdapter kan sínú session wọn, ó sì fún un ní `Retry(total=3)`, ìyẹn ni pé kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó bá kùnà. Ṣé POST wà lára ohun tí mẹ́ta yẹn kàn? Retry yìí, urllib3 ló ni ín, requests kàn ń lò ó ni, torí náà docs urllib3 la ṣí. Ìyẹn ní kìkì àwọn irú ìránṣẹ́ (mẹ́tọ́ọ̀dù) tí èèyàn lè tún ṣe láì ba nǹkan jẹ́ lòun ń tún ṣe: HEAD, GET, PUT, DELETE, OPTIONS, TRACE. POST ò sí níbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ dìde.

Mo ní kó jókòó, ṣebí lọ́ọ̀gì ẹ̀ (àkọsílẹ̀ ohun tí áàpù ń ṣe) ń kọ "Retrying" sára POST, kí ló dé? Ibi tí docs àti ẹ̀rọ ti ń ta ko ara wọn nìyẹn, òun ló sì ń lé èèyàn wọnú kóòdù. Fáìlì ẹ̀ ni `urllib3/util/retry.py`. Ẹ má ka gbogbo ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `increment` sí nìkan, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá kí wọ́n tún un ṣe àbí kí wọ́n ju ẹ́rọ̀ síta. Ẹ máa rí i pé wọ́n pín ẹ́rọ̀ sọ́nà méjì gbòógì. Ọ̀kan ni `_is_connection_error`, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé ó dá wọn lójú díẹ̀ pé sáfà ò tíì gba nǹkan kan, torí náà kò séwu nínú kí wọ́n tún gbìyànjú. Èkejì ni `_is_read_error`, ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ rán ti kúrò nílé, ó ṣeé ṣe kí sáfà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti bi í pé ṣé mẹ́tọ́ọ̀dù yìí wà lára àwọn tí a lè tún ṣe: abẹ́ èkejì nìkan ló wà! Abẹ́ èkínní, wọn ò bi í.

Ìdáhùn rèé o. Tí ọ̀nà ò bá là dé ọ̀dọ̀ sáfà rárá, POST náà á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sówó tó jáde, ohun tó wà nínú lọ́ọ̀gì nìyẹn. Tí POST bá ti lọ tán tó jẹ́ pé ìdáhùn ló já, kò ní tún un rán. Docs ò parọ́, lọ́ọ̀gì náà ò parọ́, ọ̀nà méjì yẹn ni àbúrò ò mọ̀ pé ó wà. Ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ la kà kí ọ̀rọ̀ tó yé wa, torí pé ìbéèrè kan pàtó la gbé lọ síbẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kejì. Sáfà ilé iṣẹ́ tó ń gba owó, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rí sọ́ọ̀sì tiwọn. Docs wọn àti ibi ìdánwò tí wọ́n là sílẹ̀ nìkan lẹ ní. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gba nọ́ńbà reference tiyín fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì kọ èyí tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ara yín rán an lẹ́ẹ̀mejì níbi ìdánwò yẹn, kẹ́ ẹ rí i pé ó kọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé láì sọnù

Tí ẹ́rọ̀ bá jáde nínú Python, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ máa gòkè bọ̀ títí ẹ ó fi kan ìlà tó jẹ́ tiyín. Ẹnu ààlà yẹn, láàárín ìlà tiyín àti ìlà tiwọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń wà jù. Nínú VS Code, ẹ di Ctrl mú kẹ́ ẹ tẹ orúkọ fọ́ńṣọ̀n náà, tàbí kẹ́ ẹ tẹ F12, ó máa gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Tí kò bá sí editor nítòsí, `inspect.getsource` á tẹ kóòdù fọ́ńṣọ̀n náà síta fún yín. Kò ní ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi `len` tàbí `sorted` o, C ni wọ́n fi kọ ìyẹn. Ẹni tó bá ń lo Go, `go doc -src` ni tiyín.

Àwọn ará TypeScript, ẹ ṣọ́ra: F12 sábà máa ń gbé yín lọ sínú fáìlì `.d.ts`, tí kò sí iṣẹ́ kankan nínú ẹ̀, kìkì orúkọ àti irú nǹkan tí wọ́n jẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè jókòó síbẹ̀ kó máa rò pé òun ń ka sọ́ọ̀sì. Ẹ wọ `node_modules` fúnra yín, tẹ́ ẹ bá sì bá èyí tí wọ́n ti fún pọ̀ sójú ìlà kan ṣoṣo, ẹ gbà á lórí GitHub, ṣùgbọ́n ẹ yan tag fẹ́ṣọ̀n tẹ́ ẹ ń lò. Kì í ṣe main, ibi tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́ lọ. Main lè ti ṣáájú yín lọ jìnnà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò lẹ ń wá, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ kà, torí ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Ti Xz, láíbìrì tó ń fún fáìlì pọ̀, ní 2024 nìyẹn: fẹ́ṣọ̀n 5.6.0 àti 5.6.1 ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú, fáìlì tó ń jí i dìde sì wà nínú páálí tí wọ́n fi ń pín in, kò sí nínú git tí gbogbo ayé ń wò. Andres Freund ló rí i, torí SSH ẹ̀ (ohun tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ míì láti òkèèrè) ń falẹ̀ díẹ̀, ó sì kọ̀ láti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

Fódà `tests` wà pẹ̀lú, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kóòdù fúnra ẹ̀ lọ nígbà míì. Ibẹ̀ ni àwọn tó ni láíbìrì ti ń sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Ìwà tí docs ò dárúkọ ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ test fún, ó sàn ju èyí tí ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí i

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀, ó parí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ kóòdù tó máa dúró lé ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ẹ padà sínú docs, ẹ wò ó bóyá ìlérí wà fún un. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `_` nínú Python, bíi `_is_read_error` yẹn, onílé ló ń sọ pé yàrá mi nìyí ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ lè yọjú wò ó, ẹ má pè é nínú kóòdù yín. Tó bá di dandan tí kò sọ́nà míì, ẹ de fẹ́ṣọ̀n láíbìrì náà mọ́lẹ̀ nínú `requirements.txt`, kẹ́ ẹ sì kọ test kékeré kan tó máa pariwo lọ́jọ́ tí ìwà yẹn bá yí padà.

Kódà ohun tó wà nínú docs máa ń yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀. Àkójọ mẹ́tọ́ọ̀dù tí Retry lè tún ṣe yẹn, `allowed_methods` ló ń jẹ́, `method_whitelist` ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní urllib3 1.26 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ tí wọ́n ń kìlọ̀, nígbà tó di 2.0 wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá. Ìdáhùn tó ṣì ń lo orúkọ àtijọ́ ò tíì tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ChatGPT náà lè gbé e fún yín pẹ̀lú ìdánilójú, ẹ gbé e wọlé, ẹ́rọ̀ gbà á. Ẹ fi wé docs fẹ́ṣọ̀n yín kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì ti lọ jìnnà débi pé ẹ rí ohun tí docs gbàgbé tàbí tó sọ òdì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Gbólóhùn méjì tó tún docs ṣe, pull request ni, wọ́n sábà máa ń gbà á ju kóòdù lọ torí kò ṣòro láti yẹ̀ wò, ó sì máa wà lórúkọ yín fún ẹni tó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ láti rí.

Nípa dátà àti iná, ẹ má jẹ́ kíyẹn dá yín dúró. Láíbìrì tẹ́ ẹ ti gbé sórí ẹ̀rọ ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó kà á. Docs náà, `python -m pydoc -b` á ṣí ojú ewé kan nínú bráwúsà yín tó to àlàyé gbogbo ohun tó wà nínú Python yín, láì jẹ kóbọ̀ dátà kan. `cargo doc --open` ń ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ará Rust. Zeal wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó docs oríṣiríṣi sójú kan, ẹ lo wáfì campus láti gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà tí èrò ò bá pọ̀, láàárọ̀ kùtù ló máa ń yá jù.